Àwọn Tí Kò Kí Tíṣà

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ojúsàájú wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí káńsù yàn láti gbọ́ ẹ̀hónú àwọn ará Osi. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Tíṣà àgbà Ebenezer Kọ́mọláfẹ́ nìkan ló gbà pé òun lòun kọ́kọ́ rí i.

Káńsù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ dí ojú ọ̀nà, àwọn yóò wó o. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni Leah, ìyàwó rẹ̀, ti ń ránṣọ. Kò ní ibòmíràn. Tíṣà fárígá, ó gbé ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀. Òfin gbà á láàyè láti yọ ọmọ ìgbìmọ̀ èyíkéyìí tí ó bá ń ṣègbè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀.

Kò wádìí jìnnà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ ni méjì nínú wọn, Owólabí àti Ṣògo, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, kò ti kí i mọ́. Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà ara wọn ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n Olóyèdé, ẹnì kẹta wọn, a máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àní nínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ funfun.

"Bàbá Tèmídayọ̀," ni Leah wí, "ìgbà wo ni àìkíni di ẹ̀rí?"

"Ẹni tí kò lè fún mi ní ẹ kú àárọ̀, ṣé ó máa fún mi ní ẹ̀tọ́ mi?"

"Ìyàwó Olóyèdé ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn ilé wa. Ibo ni ọkọ̀ máa gbà débẹ̀?"

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni Olóyèdé."

Leah tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. "Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ń rí nílẹ̀ yẹn. Ẹ ò tíì rí ojú rẹ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ ìjókòó, Tíṣà dìde ní gbọ̀ngàn káńsù, ó ká agbádá sí èjìká. "Owólabí ò ní dá ẹjọ́ mi. Ṣògo ò ní dá a. Ẹ lè dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi ọ̀tá mi dá mi lẹ́bi."

"Ẹ̀rí wo lẹ ní, sà?" Damaris, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ló bèèrè.

"Wọn ò kí mi. Èmi ni mo kọ́ wọn ní a-bí-dí tí wọ́n fi ń ka òfin."

Àwọn èrò ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́. Owólabí wo bàtà ara rẹ̀. Òun àti Ṣògo kó ìwé wọn, wọ́n jáde. Tíṣà jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Òfin yẹn náà ló sọ pé ẹni tó bá ṣẹ́kù lè dájọ́. Olóyèdé dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà, ó dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n wó ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Owólabí àti Ṣògo ń dúró níta. Bí Tíṣà ti yọ, àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ káàsán, sà," ni Owólabí wí láti ilẹ̀. "Ẹ má bínú. A fẹ́ dá yín láre ni. Tí a bá ń kí yín, wọn á ní torí pé ẹ kọ́ wa ni."