Ìkòkò Orí Pẹpẹ Bàbá

"Wọ́n ní bàbá náà ní kó má..."

"Kó má kí ni?"

"Kó má fọwọ́ kan nǹkan òun. Ọmọ yẹn, èyí àgbà. Àǹtí wọn ló gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà... mi ò sí níbẹ̀ o, wọ́n sọ fún mi ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu nìyẹn, títí ó fi pàdé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́nu géètì, kó tó sọ àpò kalẹ̀. A ti sin Bàbá kó tó dé. Ó di irin géètì mú bí ẹni tí òòyì kọ́.

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo ní mi ò mọ̀, ìdí iná ni mo wà tí mò ń gbé omi kaná. Àǹtí, àbúrò Bàbá, ló gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Bàbá nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, òun náà sì ti gba ìsinmi lọ sílé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún.

Òdòdó ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Bàbá. Òdòdó igbó ni Bàbá ń gbìn ní tirẹ̀; ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òdòdó gígé, tí gbogbo rẹ̀ ń dúró nínú báàkẹ́tì omi. Bàbá ní, "O fẹ́ lọ máa ta òkú òdòdó." Òun náà fèsì pé, "Òkú tó ń rẹ́rìn-ín sàn ju ààyè tó ń fi orí pamọ́ lọ." Agídí pàdé agídí. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pe ẹnì kejì mọ́.

Ààyè tó ń fi orí pamọ́ tó wí yẹn, nínú ìkòkò amọ̀ kan ló wà, lórí pẹpẹ lẹ́yìnkùlé. Ọ́kíìdì ni àwọn olówò òdòdó ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń gun igi bí àfòmọ́. Inú ilẹ̀ ni tirẹ̀ ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá ló jọ wú u ní ọ̀dàn kí katapílà tó họ ibẹ̀ láti la títì. Bàbá kò jẹ́ kó gbọn ilẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù. Ó ní okùn funfun wà nínú ilẹ̀ náà, tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, òun ló ń bọ́ ọ. Irúgbìn rẹ̀ dà bí eruku, kò gbé oúnjẹ kankan dání wáyé. Àfi kí a wọ́n ọn sí ìdí ìyá rẹ̀, kó lè bá okùn náà pàdé. Lábẹ́ ilẹ̀, isu kéékèèké méjì ló máa ń ní, ti èṣí àti ti ọdún yìí. Bí ìyá ti ń rù ni ọmọ ń sanra.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí pẹpẹ, ewé ti gbẹ, ilẹ̀ ti sán.

"Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ pa á!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá kì í bomi rin ín lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn." Ohùn mi kì í jìnnà.

"Ẹni tí ò lè dìde, báwo ló ṣe fẹ́ bomi rin nǹkan? Àbúrò mi, òdòdó ni mò ń tọ́jú láràárọ̀."

"Ṣùgbọ́n Àǹtí ní..."

"Mo gbọ́! Bàbá ní kí n má fọwọ́ kàn án. Kó máa bínú sí mi lọ́run. Mi ò ní jókòó kí n máa wo èyí náà kó kú."

Láàárọ̀, lálẹ́, ó ń bomi rin ín, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Àǹtí pòṣé títí. "Olórí kunkun! Òkú gan-an ò lè dá ọ lẹ́kun."

Nígbà tó yá, ìkòkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣíbí wa ilẹ̀. Isu ti èṣí yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọṣẹ tó sùn sómi. Ó wá èyí tuntun kàn, òun náà yọ́. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó ti há láti ẹnu géètì tú.

"Bàbá mọ̀," ló ń wí. "Ó mọ irú ọwọ́ tí mo ní. Ìdí tó fi ní kí n má fọwọ́ kàn án nìyẹn."

Bí nọ́ọ̀sì ṣe bá wa nìyẹn, tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kó tó bi í léèrè. Nọ́ọ̀sì wo ìkòkò, ó wò mí, ó wá jókòó.

"Àǹtí yín ò gbọ́ ọ tán. Ẹkún ló lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ má yọ níbẹ̀, ẹ má sì fi kún un."

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀.

"Ó ní: 'Sọ fún ọmọ mi àgbà kó má fọwọ́ kan nǹkan mi, ìkòkò yẹn, títí òjò á fi dé. Kò kú, ó ń sùn ni. Tó bá ti yọ ewé, kó wá gbé e. Àwa méjèèjì la jọ wú u, tiẹ̀ ni. Sọ fún un pé mo wọ̀nà rẹ̀ títí.'"