Sẹ́ńsọ̀ Tí Àna Rà

"Ganiyu, kí lo ń wò lára ẹ̀ tó pẹ́ tó báyìí? Mo ní tuntun ni."

Alhaji Àkàndé ló sọ bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ ọmọ rẹ̀, ó ká apá jalabíà rẹ̀ sókè, ó fẹ́ tètè kúrò níbẹ̀. Abdulganiyu, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, di sẹ́ńsọ̀ méjì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Pikọ́ọ̀pù Alhaji ti gbó. Láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná tán lójú ọ̀nà, ó lè kú lójijì, kò sì ní jí títí yóò fi tutù. Abdulganiyu ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó ti pààrọ̀ kọ́ìlì, fúnra rẹ̀ ló sì lọ ṣà wọ́n lọ́jà. Ó ku sẹ́ńsọ̀, ohun kékeré tó ń sọ fún kọ́ìlì ìgbà tó yẹ kó ta iná. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tòkunbọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Asiata tó ń ta páàtì àlòkù ló ti mú un. Ara irú mọ́tò yìí kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́, ó wúwo, ihò rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ mu wẹ́kú. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ni Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde nínú ọ̀rá. Ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, ihò rẹ̀ kò sì fẹ́ gba nọ́ọ̀tì.

"Alhaji, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó," ni Abdulganiyu wí. "Mo kàn ń rò ó pé bóyá kí á kọ́kọ́ fi tòkunbọ̀ yìí..."

"Tòkunbọ̀! Ohun tí òyìnbó lò gbó, tó kó dà sórí ààtàn, lo fẹ́ fi sínú mọ́tò mi? Nígbà tí mo fún ọ lọ́mọ, ṣé àlòkù ni mo fún ọ?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì bú sẹ́rìn-ín. Abdulganiyu náà rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni yóò tún ṣe? Ta ló ń fèsì irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún. Alhaji yìí kan náà ló sì sọ nígbà kan pé òun kò ní fi Nàfísàt ọmọ òun fún ẹni tí gírísì ń bẹ lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ohun tí irú àna bẹ́ẹ̀ bá fi owó ara rẹ̀ rà, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lójú àwọn èèyàn ti fi ẹnu ara rẹ̀ wá ìjà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abdulganiyu pa ẹnu mọ́. Ó mú fáìlì, ó ha ihò sẹ́ńsọ̀ tuntun náà títí ó fi gba nọ́ọ̀tì, ó sì fi í sí i.

Alhaji yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ ò gbọ́ ohùn!" Alhaji fi ọwọ́ lu sítíárì. "Nàfísàt, ó yá, wọlé!"

Òwúrọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì tutù. Sẹ́ńsọ̀ tó ti bàjẹ́ pàápàá ì bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, Abdulganiyu sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nàfísàt, tó ń ta iṣu, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, ó juwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà Ojoku ni, wọ́n fẹ́ lọ kó ẹrù. Mọ́tò lọ.

Láti ìgbà náà ni Abdulganiyu kò ti lè ṣe iṣẹ́ kankan tó lójú. Oòrùn ti kan àtàrí kọjá nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ó ti kú o!" Nàfísàt ni. "Orí irin ló kú sí!"

"Irin wo? Ṣé ojú irin rélùwéè?"

"Òun ni! Daddy ti bọ́ sílẹ̀ lọ wá àwọn tí yóò bá wa tì í. Wọ́n ní kí n di sítíárì mú. Mo ń gbọ́ fèrè, mo ń gbọ́ fèrè o!"

Ojú irin náà kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí Abdulganiyu ṣe gun ọ̀kadà, kò mọ̀. Ìgbà tó bọ́ sílẹ̀, òun náà gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Pikọ́ọ̀pù náà dábùú irin, iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Alhaji àti àwọn ọlọ́kadà ń tì í, wọ́n ń pariwo.

"Nàfísàt, bọ́ sílẹ̀!"

"Bí mo bá fi sítíárì sílẹ̀, táyà yóò há sáàárín irin!"

Abdulganiyu fi èjìká ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìró fèrè ti gba gbogbo etí rẹ̀. Mọ́tò mì, ó dúró, ó tún mì. Lójijì ó yí gbirigbiri kọjá irin, iṣu ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ojú irin náà sì gba ẹ̀yìn wọn kọjá, ó fọ́ iṣu wẹ́wẹ́.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Àwọn èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n bá tiwọn lọ. Alhaji jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ó jí.

"Ẹ rí i?" ni Alhaji wí. "Iṣu ló pọ̀ jù. Sẹ́ńsọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Nàfísàt, jẹ́ ká lọ."

Abdulganiyu ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà sẹ́ńsọ̀ náà yọ. Ẹ́ńjìnnì kú. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú àna rẹ̀.

"Alhaji, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ohun tí ẹ rà kò dára. Láàárọ̀ ni mo ti mọ̀, ojú yín ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mọ́tò yìí kò ní kúrò níbí títí tí n ó fi yọ ọ́."

Alhaji yọ orí jáde lójú fèrèsé. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n gbé ọmọ mi sínú ẹ̀?"

"Mo mọ̀, Alhaji."

Nàfísàt ló na ọwọ́ wọ inú mọ́tò, tó yọ kọ́kọ́rọ́, tó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Daddy, ẹ̀yin ò fẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ẹ rà." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ò fẹ́ kí Daddy bínú. Ta ló wá ro tèmi nínú yín? Èmi nìkan ló wà lórí irin."

Ó tọ́ka sí mọ́tò náà.

"Lọ́la, bí ẹ bá ti fi tòkunbọ̀ sí i tán, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ wọ̀ ọ́," ni ó wí. "Ẹ wà á títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì gba orí irin yìí lọ, kí ẹ gbà á bọ̀. Lónìí, kẹ̀kẹ́ ni iṣu mi yóò wọ̀."

Ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró. Alhaji bọ́ sílẹ̀. Ó gbé iṣu ńlá kan lẹ́yìn mọ́tò, ó nà án sí ọkọ ọmọ rẹ̀. Abdulganiyu dìde, ó tẹríba láti gbà á, bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àna.

"Nàró," ni Alhaji wí. "Ó wúwo."

Abdulganiyu nàró, ó gba iṣu náà, ó sì gbé e fún Nàfísàt.