Ìkòkò Àárín

Láti ìgbà tí yìnyín ti wó ààrò búrẹ́dì Roccapiana ni Màmá Ermelinda ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Kì í ṣe pé ebi ń pa á. Mọ́tò kan ń gbé búrẹ́dì wá láti ìlú ńlá, funfun báláú, ó sì rọ̀ bí òwú. Màmá á bù ú sẹ́nu, á rún un díẹ̀, á ní, "Loreta, ta ló gé tìmùtìmù sí wẹ́wẹ́ tó ń tà á fún wa?"

Loreta ni ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ààrò kan ṣoṣo ni gbogbo àbúlé orí òkè náà ń pín lò. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò wá, wọ́n á fi òǹtẹ̀ igi ilé wọn tẹ̀ ẹ́ kí ti ẹnìkan má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, wọ́n á wá jókòó ti iná títí búrẹ́dì á fi jinná. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó lóyún àti ẹni tó fẹ́ kó lọ. Níbẹ̀ ni Màmá Ermelinda ti pàdé ọkọ rẹ̀, níbẹ̀ náà ló ti sunkún rẹ̀ nígbà tó kú. Ní báyìí tí kò sí ààrò, kò sí ohun tó ń gbé e jáde nílé mọ́. Ó ti wá ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í dùn mọ́ Loreta nínú: "Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, bí mo bá ṣì wà."

Ọ̀rọ̀ kí wọ́n kọ́ òmíràn kò le. Ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí ló di ìjà. Ilẹ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti sán, kò lè gba òkúta mọ́. Gaudenzio olówó àgùntàn àti àwọn ará Òkè, ìyẹn apá òkè àbúlé, ní àfi lábẹ́ àwọn igi páìnì lẹ́bàá ilé àwọn. Ottavia, opó tó ń sin adìẹ, tí ohùn rẹ̀ lè jí ẹni tó ti sùn fún ọjọ́ méje, àti àwọn ará Ìsàlẹ̀ ní àfi lẹ́bàá afárá odò tó wà lọ́dọ̀ àwọn. Ibì kan wà láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ. Kò sẹ́ni tó kórìíra ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tìtorí ẹ̀ jà. Màmá Ermelinda lè fi ọ̀pá rìn débẹ̀ láì mí hẹlẹ. Àtẹ̀gùn Òkè dúró ṣánṣán bí àkàbà ní tiẹ̀. Ìsàlẹ̀ rọrùn láti lọ, àmọ́ ta ló máa pọ̀n ọ́n bọ̀?

Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń dìbò ní Roccapiana, láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà sómi láti òru. Olórí ilé kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹni tó bá rán, á mú hóró kan nínú igbá Bàbá Berardo, tó jẹ́ àgbà àbúlé. Wọ́n á to ìkòkò sórí tábìlì, ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń du ní ìkòkò tirẹ̀. Ọwọ́ dídì ni èèyàn máa kì bọ gbogbo ìkòkò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tú hóró rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀kan láìsí ẹni tó máa mọ èyí tó jẹ́. Ìkòkò tó bá gba ẹ̀wà tó ju ìdajì ilé lọ ló borí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó gbogbo ẹ̀wà yẹn sínú agbada kan, wọ́n á sè é, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá jẹ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ráhùn lọ́la.

Wọ́n ti dìbò ààrò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti jẹ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ìkòkò kankan kò dé ìdajì. Ti ọjọ́ Ìsinmi yìí ni ìkẹta. Bí kò bá bọ́ sí i, àwọn bíríkìlà tó fẹ́ kọ́ ààrò náà máa gba iṣẹ́ etíkun lọ lọ́la, ó sì tún di ọdún mìíràn.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn kóra jọ sí gbọ̀ngàn abẹ́ ilé agogo. Loreta di màmá rẹ̀ lápá mú wọlé, ó fi í jókòó níwájú, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá sórí ìdì igi ìdáná. Ibẹ̀ ló máa ń wà. Kò tíì sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rí láyé rẹ̀, ó kàn máa ń gbọ́ ti àwọn àgbà.

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ dídì ń wọlé, ọwọ́ títú ń jáde. Màmá Ermelinda náà lọ, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì padà wá jókòó. Bàbá Berardo da àwọn ìkòkò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Ti Òkè, kò dé ìdajì. Ti Ìsàlẹ̀, kò dé ìdajì. Ti àárín, ẹ̀wà díẹ̀ báyìí bí eyín inú ẹnu arúgbó. Àwọn èèyàn ti ń kérora nígbà tí bàbá gbé orí sókè.

"Ẹ dúró ná. Ilé mọ́kànlélógójì ló wà níbí. Ẹ̀wà méjìlélógójì ni mo kà."

"Màgòmágó!" Ottavia ti dìde. "Mo mọ̀! Mo sọ ọ́! Àwọn ará Òkè tí wọ́n ń ka àgùntàn aládùúgbò mọ́ tiwọn, ṣé ẹ̀wà ni wọn ò ní kà pọ̀?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ìyá adìẹ," ni Gaudenzio dá a lóhùn. "Ẹ tú ọwọ́ àwọn ará Ìsàlẹ̀ wò! Ẹ tú àpò aṣọ wọn!"

"Wá tú tèmi kí n fi ọ̀pá gbá ẹ létí!"

Láàárín ariwo yẹn ni Màmá Ermelinda fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Èmi ni," ó ní.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ẹ̀wà méjì ló lẹ̀ mọ́ra wọn nínú igbá. Ìka mi ò mọ nǹkan dáadáa mọ́, kí n tó mọ̀, méjì ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, áà, Berardo ti ní làákàyè lọ́dún yìí, ó fún wa ní méjì. Mo bá sọ ọ̀kan sí ti àárín, mo sọ ọ̀kan sí ti Òkè."

"Màmá!" Gaudenzio fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ti Òkè kẹ̀? Ẹsẹ̀ wo lẹ máa fi gùn ún?"

"Ẹsẹ̀ mi ò ní gùn ún. Àmọ́ atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé èéfín lọ, igi sì máa ń gbẹ níbẹ̀. Ti àárín ni mo fẹ́. Bí ẹ bá kọ́ ọ sí Òkè, mo máa bínú, Loreta á bá mi gbé ìyẹ̀fun lọ, mo sì máa jẹ búrẹ́dì ẹ̀. Etí omi ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ni mi ò lè gbà. Gbogbo nǹkan ló máa bu níbẹ̀."

"Ẹ ò rí i?" ni Ottavia pariwo. "Èèyàn kan, ìbò méjì! Èrú ni, arúgbó ì báà ṣe é. Kí ilé Ermelinda má dìbò mọ́ lọ́dún yìí!"

Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá Ermelinda wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni, ejìká rẹ̀ sì wálẹ̀. Ohun tí Loreta rí látorí ìdì igi nìyẹn, kò sì mọ ìgbà tó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà," ó ní.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Gbé ohùn sókè, ọmọ, àbí ẹ̀fọn ló ń kùn létí mi?" Ottavia ni.

Ojú ti Loreta débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ó ti dìde, ìdì igi sì ti yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò rí ibi jókòó sí mọ́.

"Mo ní ohun tí màmá ṣe, ṣé gbogbo wa ò lè ṣe é ni? Ẹ̀wà kan ń bi wá pé èwo la fẹ́ jù. Ìgbà mẹ́ta ló ti bi wá, ìgbà mẹ́ta la ti dá a lóhùn bákan náà. Kò tíì bi wá pé èwo la lè bá gbé. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá mú mẹ́ta, kí wọ́n sọ ọ̀kan sínú gbogbo ìkòkò tí wọ́n lè fara mọ́, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ méjì, kí ọwọ́ dídì náà sì da ìyókù sínú agbada ọbẹ̀. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan gbé."

"Hẹn-ẹn," Gaudenzio ní, "ẹsẹ̀ màmá ẹ lò ń rò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹsẹ̀ wọn ni mò ń rò. Ta ni kò ro ẹsẹ̀ ara ẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ẹ̀rín bú. Ẹnìkan tiẹ̀ ké láti ẹ̀gbẹ́ ògiri pé, "Gaudenzio, òtítọ́ ni o, àtẹ́lẹwọ́ ẹ lo fẹ́ máa fi kan ààrò látorí bẹ́ẹ̀dì!"

Bàbá Berardo fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àmọ́ mi ò ní fi ohun tí mi ò dán wò kọ́ ààrò. Ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ dán an wò. Kí la máa fi se ẹ̀wà òní?"

"Awọ ẹlẹ́dẹ̀!" ni àwọn ará Òkè ké.

"Ẹja oníyọ̀!" ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ ké. "Awọ wo? Eyín wo la fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

"Àlùbọ́sà àti tòmátì gbígbẹ náà wà ńbẹ̀ o," ni obìnrin tó ń dáná sọ, bí ẹni tí kò dá a lójú pé wọ́n gbọ́.

Wọ́n bá dìbò ọbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀wà mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí bàbá kà á, ìkòkò àlùbọ́sà àti tòmátì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àwọn yòókù kò sún mọ́ ọn.

"Ẹ wá wò ó!" Gaudenzio ní. "Ohun tí ẹnikẹ́ni kò pè la wá fẹ́ jẹ!"

"Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní tu dànù ni," Bàbá Berardo dáhùn. "Àní ìwọ, ṣé o ò ní jẹ ẹ́?"

Gaudenzio ronú díẹ̀. "Màá jẹ ẹ́."

"Ta ni kò lè fara mọ́ ká fi bẹ́ẹ̀ dìbò ààrò? Kó sọ̀rọ̀ báyìí," ni Bàbá Berardo wí.

Gaudenzio wo àwọn èèyàn rẹ̀, ó rí i pé wọ́n pọ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ottavia wo tirẹ̀, ọkàn tirẹ̀ náà balẹ̀. Olúkúlùkù ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sétí àwọn ará rẹ̀: "Ẹyọ kan péré, ẹ gbọ́? Tiwa nìkan." Loreta gbọ́ ọ. Bí gbogbo wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ màmá rẹ̀ á sì wà lẹ́nu wọn títí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ dídì ni ọwọ́ dídì. Nínú ìkòkò, Gaudenzio kò ríran, Ottavia kò ríran. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lé lórí lè tú ìka sílẹ̀ bó ṣe wù ú bí ìbò ilé bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn tí jíjẹ tìmùtìmù ti sú pọ̀ ju bí àwọn olórí wọn ti rò lọ.

Bàbá Berardo da ìkòkò Òkè sílẹ̀, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Ó da ti Ìsàlẹ̀ sílẹ̀, òun náà kò kéré, àmọ́ méjèèjì kò dé ìdajì. Nígbà tó gbé ìkòkò àárín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ẹ̀wà ń yọ̀ jáde, ó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ sábẹ́ àga. Kò kà á dé ìparí kó tó kọjá ìdajì, kò sì sẹ́ni tó ní kó tún un kà.

"Ta ló dà mí nínú yín?" Gaudenzio bi àwọn èèyàn rẹ̀.

"Èmi," ni ìyá rẹ̀, tó ń dá gbé nílé tirẹ̀, sọ láti ẹ̀yìn. "Orúnkún mi náà ń dùn mí, ìwọ lo ò bi mí."

Ottavia rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wá lọ bá Màmá Ermelinda, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Màmá, mo ní èrú lẹ ṣe. Ẹ má bínú."

"O pariwo ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni," màmá ní. "Dìde, bù mí lọ́bẹ̀."

Wọ́n jẹ ẹ̀wà alálùbọ́sà. Gaudenzio jẹ abọ́ mẹ́ta, ó sì ń ṣàròyé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àwọn bíríkìlà kò lọ sí etíkun mọ́. Kí koríko tó ga lórí òkè, ààrò ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ, àyíká rẹ̀ funfun pẹ̀lú ẹfun tuntun. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Loreta gbé pákó ìyẹ̀fun ka orí, màmá rẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn níwájú, kò dúró sinmi, kò sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti fi òkúta ìfọṣọ kan sílẹ̀ fún un nítòsí ẹnu ààrò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sún fún un. Kí búrẹ́dì tó wọlé, wọ́n ti sọ fún un ẹni tó lóyún.

Atẹ́gùn yí padà lójijì, èéfín sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Màmá Ermelinda wúkọ́, ó nu ojú, ó wo ààrò tuntun náà látòkè délẹ̀.

"Mo ti sọ fún yín," ó ní. "Èéfín ti pọ̀ jù níbí. Òkè ni ì bá dáa."

Gbogbo wọn ké lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará Òkè àti àwọn ará Ìsàlẹ̀. Gaudenzio tó ń ti igi bọ iná gbé orí sókè, ojú rẹ̀ dúdú pẹ̀lú èédú.

"Màmá," ó ní, "ó kù díẹ̀ kí n lọ gbé ìkòkò yẹn wá!"

"Gbé e wá," màmá dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí búrẹ́dì yìí kọ́kọ́ jinná ná."