Ta Ló Sọ Pé Mo Ti Fẹ̀yìntì?

Aránṣọ ni mí. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mò ń rán, mi ò rán nǹkan mìíràn, ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé. Àwọn tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá kì í pe orúkọ mi, Ìyá Yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè mí. Àwọn kan wà tí mo rán ṣòkòtò péńpé fún nígbà tí ikun ṣì ń já nímú wọn, tí wọ́n ti ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá báyìí pé kí n wá wọ̀n ọ́n. Ìgbà ìwọlé ni ìkórè tiwa. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ilé ìwé wọlé, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣeé tẹ̀ mọ́, aṣọ ló máa ń bò ó.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun ní òun lóyún, pé kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ, ìka ni mo fi ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá. Mo sọ fún un, mo sọ fún ọkọ rẹ̀, mo sì sọ fún òṣìṣẹ́ tó lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ní, "Màmá, ẹ máa pẹ́ tó?" Mo ní ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ló bá lu oṣù mẹ́fà sí i. Mo rò pé ọ̀yàyà ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A ò tíì délé tí ọmọ mi ti gba pásípọ́ọ̀tù ọ̀hún lọ́wọ́ mi. Ó ní kó má baà sọnù. Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. N ò bá a jà. Àlejò kì í ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń tún lífítì ṣe káàkiri àwọn ilé gíga, ó lè lọ sẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún kó má wálé. Lífítì ilé tiwọn gan-an ti kú láti ọdún tó kọjá, kò sẹ́ni tó pè é sí i, ẹsẹ̀ la fi ń gòkè. Ilé ìdáná wọn kò gba èèyàn méjì. Bí mo bá fẹ́ ṣí fìríìjì, àfi kí ọmọ mi kọ́kọ́ jáde. Ìsàlẹ̀ fèrèsé ni àwọn tó ń pààrọ̀ táyà wà, ariwo irin wọn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ọmọ dé, obìnrin ni, ó jọ bàbá mi bí ẹni pé pépà kan náà ni wọ́n fi gé wọn. Mo wẹ̀ ẹ́, mo pọ̀n ọ́n, mo fọ aṣọ rẹ̀, mo sá a. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, èmi àtọmọ nìkan la jọ ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò ráhùn. Ohun tí mo torí ẹ̀ wá nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí lórí fóònù. Ọ̀gá Bọ́tìnnì là ń pè é, torí òun ló ń fi bọ́tìnnì sí gbogbo ohun tí mo bá rán. Ó ní ilé ìwé méjì ti pààrọ̀ kọ́là ọrùn yunifọ́ọ̀mù wọn, wọ́n sì fẹ́ rí àpẹẹrẹ kí oṣù tó parí.

"Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gé e o," ó ní. "Ṣé ẹ ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá?"

"Kí ló fẹ́ dá mi dúró?"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó ní kí n múra. "Ibì kan wà tí a fẹ́ dé, Màámi. Ẹ kàn máa fọwọ́ síwèé ni."

Ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ físà ni. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà, a jókòó sórí àga oníke tí wọ́n so mọ́ra, mo gbé ọmọ lé itan. Ọmọ mi na fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ti kọ ọ́ kún tán, ó wá fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá pé ibẹ̀ ni kí n fọwọ́ sí. Ó gbàgbé pé ẹni tó ti ń ka ìlà wínníwínní ara tépù láti ọgbọ̀n ọdún kì í fojú fo nǹkan. Mo mú awò ojú mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí mi wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ó kọ ọ́ pé: *ó ti fẹ̀yìntì*.

Mo tún un kà.

"Ta ló ti fẹ̀yìntì?"

"Màámi, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù lásán ni."

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ níṣẹ́ nílé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín."

"Wọn ò ní ṣì sọ. Ìdí iṣẹ́ mi ni mò ń lọ."

Mo ń kà á lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà mìíràn kún oṣù mẹ́fà tí wọ́n fún mi. Ó ní ìdí rẹ̀ ni pé eegun ẹ̀yìn ń yọ mí lẹ́nu, mi ò lè jókòó pẹ́ nínú bàálù. Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn tó pọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Mo ṣí ojú ewé kejì, mo bá tíkẹ́ẹ̀tì mi níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí mo mọ̀. Ó ti sún ìrìn àjò mi síwájú láìsọ fún mi, títí dé ìparí oṣù kẹfà tí wọ́n fún mi.

Mo fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi ẹnu mi sọ níbẹ̀ pé irọ́ lọmọ mi kọ síwèé ìjọba, òun ni wọ́n máa mú, kì í ṣe ìwé. Bí inú ṣe ń bí mi tó, mi ò ní fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣòfò.

Wọ́n pe nọ́ńbà wa. Mo ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, mo tì í sábẹ́ ìdí ọmọ nínú ìtẹ́dìí, mo sì dìde kí ọmọ mi tó dìde. Ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ló wà lẹ́yìn káńtà. Ọmọ mi ti pásípọ́ọ̀tù mi sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," mo ní. "Ìbéèrè kan péré ni mo bá wá. Ọjọ́ mélòó ló kù fún mi?"

Ó wo òǹtẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà. "Ó ku àádọ́fà ọjọ́, Màmá."

"Ṣé dandan ni kí n lò ó tán?"

Ó yọ awò rẹ̀, ó wò mí dáadáa bóyá mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Rárá o. Òǹtẹ̀ yìí ń sọ ọjọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ kọjá, kò sọ ọjọ́ tí ẹ gbọdọ̀ dúró dé. Bó bá wù yín, ẹ lè máa lọ lọ́la."

"Ta ló ń pinnu ìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ta ló tún kù?"

Mo yíjú sí ọmọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọkùnrin náà tún fẹ́ ti pásípọ́ọ̀tù sọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ lé e mọ́lẹ̀, mo mú un, mo jù ú sínú báàgì mi, mo sì fa síìpù rẹ̀ dé òpin.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ìgbà tí a wọlé tán tí mo ti fún ọmọ lómi ni ọ̀rọ̀ ya.

"Ẹ dójú tì mí lónìí," ọmọ mi ní.

"Èmi ni mo dójú tì ọ́? Mo bò ọ́ láṣìírí ni. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Èmi lòótọ́ lónìí."

"Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kò láyè di oṣù mẹ́ta sí i. Ọkọ mi kì í gbélé. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Gbogbo ìyá àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń dúró. Ìyá nọ́ọ̀sì tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ọdún kan àtààbọ̀ ló lò!"

"Iṣẹ́ kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe kó tó wá?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó yẹ kó o béèrè."

Ó sunkún. Ó ní ṣé yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ wá ṣe pàtàkì sí mi ju ọmọ òun lọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, mi ò ní purọ́. Ọmọ ọwọ́ ọ̀hún di ìka mi mú nígbà náà, ó sì ń wò mí lójú bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Má fi ọmọ yẹn ṣe asà," mo ní. "Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ ló sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì, àmọ́ torí ìyẹn kọ́ ni mo ṣe ń lọ. Mò ń lọ torí pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ràn kí n jí kí n mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, gbogbo ẹ̀yin ọmọ ni ẹ ń wá igun tí ẹ máa gbé mi sí, bí àga tí kò rí àyè ní pálọ̀. Èmi kì í ṣe àga. O bẹ̀ mí, mo wá. Ká ní o tún bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, bóyá ǹ bá gbà. O ò bẹ̀ mí. O kàn kọ orúkọ mi síwèé bí ẹni kọ ẹrù."

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ síbi iṣẹ́. Mo pọn ọmọ, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ bá àwọn oníbàálù ní ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wá ọjọ́ tí mo dá tẹ́lẹ̀, kò sí àyè mọ́. Ó ní ìjókòó kan péré ló kù, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ náà.

"Ṣé ẹ máa lè ṣetán?"

"Láti àná ni mo ti ṣetán."

Ọkọ ọmọ mi ló ya mí lẹ́nu jù. Nígbà tó wálé tó sì gbọ́, ó jókòó, ó ní, "Màmá, báwo la ṣe máa ṣe é?" Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, mo gbé bàfù síwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Mo ní ọwọ́ tó ń di lífítì mú kó má jábọ́, kò ní jẹ́ kí ọmọ bọ́. Ó rọ omi sí ara rẹ̀ ju ti ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò lè rìnrìn àjò fún oṣù mẹ́ta. Oṣù méjì ni wọ́n fún un. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ tó kù ṣe máa rí, ìyẹn di ti tọkọtaya.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ mi fi ń kí mi bí ẹni ń kí onílé. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó ní òun níṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló gbé mi lọ. Mo ti wà lórí ìlà tí mo gbọ́ "Màámi!" lẹ́yìn mi. Ó sáré wá pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, òógùn bò ó. Ó dì mọ́ mi. Èmi náà dì í mú, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ kẹta tí mo délé ni mo gé kọ́là àkọ́kọ́. Ọ̀gá Bọ́tìnnì gbé e sókè, ó ní ọwọ́ mi gan-an nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi pè. Ó ní ọkọ òun ti mọ ọmọ wẹ̀ báyìí, ó wá ń gbéra ga bí ẹni gboyè. A rẹ́rìn-ín. Ó wá yí ohùn padà.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì tún máa wá. Àmọ́ èmi ni n ó dá ọjọ́ tí n ó wá, èmi ni n ó dá ọjọ́ tí n ó lọ."

"Mo ṣì ń bínú o, Màámi."

"Bínú, ọmọ mi. Èmi náà bínú sí ìyá mi rí, kò pa mí. Bó o bá bínú tán, tún pè mí. Àwọn èèyàn ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù."