Ohun Tí Òwìwí Bì

Ẹnu Tẹ́júọlá kì í ṣe ẹnu kékeré. Bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní bayọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Òkòta, kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ní kí ẹni tó ni ẹrù wá sọ pé òun ló ni ín, lẹ́yìn ilé tí òun àti àwọn ayálégbé mìíràn jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀, ẹnu ńlá náà kọ̀, kò là.

Ẹrù ọ̀hún kò ju èyí lọ. Òwìwí kan ń gbé lókè ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa lẹ́yìn fẹ́ǹsì wọn. Bí òwìwí bá pa eku, gbígbé ló ń gbé e mì, tirun-tegungun. Ẹran eku á dà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irun àti egungun kò ní dà, á wá bì wọ́n jáde ní ìṣù kan tó gùn tó àtàǹpàkò. Tẹ́júọlá fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tú ìṣù bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tí òwìwí ń jẹ. Ó bẹ mẹgáàdì ilé-iṣẹ́ náà, ó wọlé, ó sì ṣa wọ́n. Àwọn tó ti gbẹ, ó kó wọn sínú páálí ní yàrá. Àwọn tó ṣì tutù, ó sá wọn sórí ìwé ìròyìn lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń mú jù. Ibẹ̀ ló kángun sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Mísbáù. Tẹ́júọlá bá jáde lọ ra ata.

Ariwo ló bá nílé. Oyinkán, ìyàwó ọ̀dọ́ kan nínú ilé náà tó lóyún àkọ́bí, lọ sá aṣọ, ó sì tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ìgbà tó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, irun ló rí, àti egungun wẹ́wẹ́ nínú irun. Ó di ikùn mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ké.

Nínú ilé yẹn, bí òwìwí bá ké lórí òrùlé, ìyẹn á pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù, ìyẹn á máa ké aúsù bílàhí. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ ṣeré. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ayálégbé ti pé.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè tó ń bá onílé mójú tó ilé fi igi tọ́ka sí ìwé ìròyìn náà. "Ta ló ni èyí?"

Ó yíjú sí Ìyá Mísbáù.

"Ìyá, ẹnu ọ̀nà yín la ti bá a o."

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ìyá Mísbáù. Kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú ló ń tà ní ọjà Apákùn, kò sì sí ayálégbé tó pẹ́ tó o nínú ilé náà. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí Tẹ́júọlá, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Kì í ṣe tèmi," ló wí.

Tẹ́júọlá la ẹnu. Ṣé kó ní òun lòun ṣa èébì òwìwí, tí òun ń sá a sóòrùn? Obìnrin tó ti lé ní márùndínlógójì, tí kò lọ́kọ, tó ń dá gbé? Orúkọ tí wọn máa sọ ọ́ kò jìnnà. Ìyá Oyinkán, tó wá ń bá ọmọ rẹ̀ gbé, tiẹ̀ ti bi í rí pé kí ló ń fi iná yàrá rẹ̀ ṣe títí ilẹ̀ fi ń mọ́, bíi pé kì í ṣe ìwé àwọn ọmọ ló ń máàkì. Ẹ̀rù bà á, ó pa ẹnu dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà á ti rọlẹ̀.

Kò rọlẹ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n sun ún. Ọlálérè pe onílé lórí fóònù, ó sì jáde wá sọ pé kí Ìyá Mísbáù kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nítorí ẹ̀mí ọmọ inú kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ta tẹ́tẹ́. Ìyá ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀mejì ni Tẹ́júọlá dé ẹnu ọ̀nà Ìyá, tó sì padà sẹ́yìn bí olè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé páálí lọ sí kíláàsì. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ ìṣù sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tú u díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń yínmú, ṣùgbọ́n nígbà tí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ń du abẹ́rẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n rí eyín eku, wọ́n rí egungun itan aláǹgbá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nafeesah rí agbárí asín, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó rí ṣóńṣó.

"Àǹtí, eku ló pọ̀ jù níbẹ̀! Á jẹ́ pé òwìwí ń bá wa pa eku ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé táwọn èèyàn ń bẹ̀rù ẹ̀?"

"Nítorí pé àwọn tó mọ̀ kì í sọ," ni Tẹ́júọlá wí, omi sì lé sí i lójú níwájú gbogbo kíláàsì. Ó bẹ tíṣà mìíràn kó bá òun dúró, ó gbé abọ́ egungun náà tòun ti ìṣù tó kù, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwà. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun bá Ìyá nílé.

Ó bá a. Mísbáù ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, bẹ́ẹ̀dì àti àpò kànhìnkànhìn ti wà nínú rẹ̀. Àwọn ayálégbé tò síta, wọ́n ń wòran.

Tẹ́júọlá gbé abọ́ sílẹ̀ láàrin wọn. "Èmi ni mo ni ín. Ìyá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni mo sá a síbẹ̀."

"Tíṣà, kí lẹ wí?" Ọlálérè sún mọ́ ọn.

Ó kúnlẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ ìṣù kan sómi, ó tú u lójú wọn, ó ń ṣàlàyé. Ó ń retí orúkọ tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ Sátidé.

Oyinkán ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Eyín eku rèé lóòótọ́! Ẹ wá wò ó o!" Ẹ̀rín bú sẹ́nu rẹ̀. "Ah, Àǹtí, ẹ ò bá ti sọ nígbà yẹn!"

Àwọn yòókù náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwé ti fẹ́ dà á lórí rú. Ọlálérè sáré lọ síbi ọkọ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mísbáù, já ẹrù yẹn sílẹ̀, jàre."

Ìyá Mísbáù ti jókòó síwájú ọkọ̀. Tẹ́júọlá ni ó ń wò.

"Mo rí ọ láti ojú fèrèsé nígbà tí o ń sá a," ló wí. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ni. Mo ní kí n má dárúkọ rẹ, kí wọ́n má bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Mo ní ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́."

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá." Tẹ́júọlá ti ń sunkún.

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé yìí, kò sì sí ìyá ọmọ kan nínú wọn tó ní irọ́ ni. Ta ni kí n tún máa bá gbé níbí?" Ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká. "Mísbáù, jẹ́ ká lọ."

Ọkọ̀ ṣí. Àwọn ayálégbé padà sídìí abọ́, wọ́n ń bẹ Àǹtí kó tú òmíràn kí àwọn rí i. Tẹ́júọlá dúró, ó ń retí kí ẹnì kan, ẹnì kan péré, pè é ní àjẹ́, orúkọ tó tìtorí rẹ̀ pa ẹnu dé lọ́jọ́ Sátidé. Kò sí ẹni tó pè é.