Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Óvà Fi Sílẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Óvà. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì sí kíláàsì tó wọ̀ tí kò ní kọ "over" sára pátákó, kó wá máa so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn nídìí.

"Ẹ má jẹ́ kí iwájú ọ̀rọ̀ tàn yín jẹ," á wí. "'Oversee' ni kéèyàn máa bójú tó iṣẹ́. 'Overlook' ni kéèyàn rí nǹkan, kó gbójú kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ojú ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá."

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wọn, olùkọ́ ìṣirò, ló fẹ́ àbúrò Ìyá Óvà obìnrin. Nígbà tí àìsàn dá àbúrò yìí wólẹ̀, ọkọ kó lọ sùn ní yàrá kejì, ó ní ikọ́ ìyàwó òun kì í jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Bí wọ́n bá ní kó wá gbé e lọ sí ọsibítù, á ní òun ń bọ̀. Ìyá Óvà ló gbé e lọ níkẹyìn, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́. Lẹ́bàá pósí, ọkùnrin náà sunkún débi pé òun ni gbogbo èèyàn ń rẹ̀ lẹ́kún. Ìyá Óvà kò sunkún. Ó ń wò ó ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ tó tutù bí omi inú fíríìjì.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà fẹ̀yìn tì, màmá arúgbó tó ni ilé-ìwé sọ pé igbákejì ni òun fẹ́ fi sípò, àmọ́ kó kọ́kọ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Ní àkókò ìsinmi, ọkùnrin náà mú ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn òbí sọ sí wá bá Ìyá Óvà nídìí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà lèmi mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì yín ò gbà fún mi."

Ìyá Óvà kà á. Ọkùnrin náà kọ ọ́ pé òun máa "overhear" gbogbo òbí. Ó rò pé títẹ́tí sílẹ̀ dáadáa nìyẹn, kò mọ̀ pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá èèyàn sọ ni. Nísàlẹ̀, ó ní òun máa "overlook" gbogbo ọmọ, bí òun ṣe máa ń ṣe sí ìdílé òun.

Ìyá Óvà ṣí bírò pupa rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ó ní òun ń bọ̀, àbí?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ìlà náà. "Ibí yìí ló ń kọ mí lóminú. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Óvà dé bírò. "Ẹ fi sílẹ̀. Ó bá yín mu."

Ọjọ́ ìpàdé pé, gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí ọkùnrin náà ka "overhear", àwọn òbí wo ara wọn lójú. Nígbà tó kan ti ìdílé, ẹ̀rín bẹ́ láti ẹ̀yìn títí dé iwájú. Ìyá Óvà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Màmá arúgbó gbá tábìlì. "Ta ló bá ọ yẹ ìwé yìí wò?"

Kí ọkùnrin náà tó lanu, Ìyá Óvà ti dìde. "Èmi ni, Mà. Mo rí i, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Torí pé òótọ́ ni, Mà. Ó rí àbúrò mi tó ń kú lọ, ó sì gbójú kúrò. Ohun tó ṣe ló kọ, mi ò lè pa á rẹ́."

Ọkùnrin náà ń ká etí ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Mo rò pé ara rẹ̀ máa yá ni," ó wí.

Wọ́n wá ẹlòmíràn sípò ọ̀gá àgbà. Màmá arúgbó gba àwọn kíláàsì àgbà kúrò lọ́wọ́ Ìyá Óvà pẹ̀lú. Ó ní ẹni tó lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣìnà kò gbọdọ̀ múra àwọn ọmọ ilé-ìwé òun sílẹ̀ fún ìdánwò. Ìyá Óvà kò jiyàn. Ó kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní "a" àti "b".

Ọkùnrin náà wáṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Kó tó lọ, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì Ìyá Óvà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

"Kì í ṣe èmi lẹ ṣẹ̀," Ìyá Óvà dáhùn. "Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ò sí láyé mọ́."

Ọkùnrin náà yí padà, ó sì lọ. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ Ìyá Óvà ní ó yẹ kí inú rẹ̀ ti rọ̀ wàyí. Kò rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jẹun tán láìṣẹ́ nǹkan kan kù nínú abọ́, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀.