Oorun Bàbá Ràsáàkì

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kó máa gba apá ọ̀tún, ni ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Ìsẹ́yìn gbà mí ní dírẹ́bà. Wọ́n ní kí Bàbá Ràsáàkì, ọ̀gá àwọn dírẹ́bà, jókòó tì mí bí mo ṣe ń gbé sìmẹ́ńtì lọ sí Ṣakí. Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá yìí kì í sùn nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíì bá ń wà.

A ò tíì dé Ìpàpó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi. Bí lọ́rí bá ti yọ níwájú, bàbá á na ọwọ́ sí sítíárìn, á fẹ́ fà á sápá òsì. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi lé e lọ́wọ́.

“Ẹ máa wà á fúnra yín, bàbá. Èmi ò fẹ́ kú sábẹ́ sìmẹ́ńtì.”

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà títí.

“Ọ̀ṣẹ́nì, apá òsì ni mo ti ń wakọ̀ láti ìgbà èwe mi. Orí mi ti gbà, ọwọ́ mi ni ò gbà. Ìwọ ò ní nǹkan kan láti gbàgbé. Máa wà á.”

Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó sì jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́rí mìíràn yọ. Mo gba apá ọ̀tún, ó kọjá. Mo ń retí èébú bàbá nígbà tí mo gbọ́ tó ń hanrun. Fìlà ti bò ó lójú.

Láti ibẹ̀ dé Ṣakí, n ò fọn fèrè. Nígbà tí agbo ewúrẹ́ dí títì, mo dúró jẹ́ẹ́ títí èyí tó kẹ́yìn fi kọjá.